Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì Mi

Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, àti ti ìtọ̀ ọmọ tó gbẹ sára aṣọ: bí mo bá ti gbọ́ méjèèjì pọ̀, ilé ìwòsàn kékeré ìgbà náà ní Ìgàndó ni mo tún wà. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀, kò sí kànga. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ ni yóò gbé omi rẹ̀ dání. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé wá ṣe tíṣà, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń rọbí àkọ́bí mi, ọkọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan tẹ̀ lé mi, ó sì sáré lọ wá òmíràn ní Ìkọ̀tún. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá kan dé, ó ní òun wá ṣírò iye tí ìjọba yóò máa ná láti tọ́jú aláboyún. Àwọn nọ́ọ̀sì ní bó bá ka omi mọ́ ọn, ìjọba á gbẹ́ kànga fún wa. Ọ̀gá ọ̀hún so táì mọ́ ọrùn bí àgbò iléyá. Ó ka bẹ́ẹ̀dì, ó ka òwú, ó tiẹ̀ ka ìgbálẹ̀. Ó kàwé kàwé, làákàyè ò bá a kà á. Nígbà tó ṣe tán, ó na ọwọ́ síta, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi.

Nọ́ọ̀sì àgbà wò mí lójú. "Ìyàwó, ẹ má bínú, àlejò ni." Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì mi. Ọkùnrin yẹn fọwọ́, ó bọ́jú, ó tún ní kí wọ́n da díẹ̀ sí bàtà òun nítorí eruku. Ojú ò tì í. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ìrora ò jẹ́ kí n lè bú u.

"Omi ńkọ́?" Ó ń nu ọwọ́ bó ti ń béèrè.

"Kò sí o, sà. Àwọn aláboyún ló ń gbé e wá. Kànga la fẹ́."

"Ṣé wọ́n ń gbé e wá? Ọ̀fẹ́ nìyẹn jàre." Ó kọ òdo síwájú omi nínú ìwé rẹ̀.

Kí ọkọ mi tó dé, mo ti bí. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì ò tó nǹkan kan. Obìnrin tó bí ṣáájú mi ló bu tirẹ̀ fi wẹ ọmọ mi. Kànga ò dé. Nígbà tí mo fẹ́ bí ìkejì, kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ni mo tún gbé lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde níwájú mi tó ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá omi ẹlòmíràn ṣì ń kán níbẹ̀.