Fáìlì Fúnmiláyọ̀ Tó Sùn sí Dúrọ́ọ̀ Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo fa dúrọ́ọ̀ mi láti mú pẹ́ńsù, mo sì rí fáìlì kan níbẹ̀ tó yẹ kó ti kúrò lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Fáìlì Fúnmiláyọ̀, ọmọ ìlú wa kan, ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Kaduna tó ń fún àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní ọdún àṣekágbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n lè lọ kàwé sí i lókè òkun. Èmi ni mò ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan bá wọlé sára rẹ̀. Èmi náà ni mò ń fi okùn pupa di fáìlì wọn ní ogún-ogún lọ fún Alhaji, ọ̀gá wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé fáìlì òkè ìdì ni ọ̀gá máa ń fara balẹ̀ kà. Kó tó kan ti ìsàlẹ̀, ojú ti rẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi gbé ti àbúrò ìyàwó rẹ̀ sókè ìdì, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù tó parí. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé. Kò sí àárọ̀ kan tí mo jókòó síbẹ̀ tí ẹ̀rù kò bà mí.

Bàbá Fúnmiláyọ̀ ló wá dá kún un. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní àdúgbò Television. Lọ́jọ́ ìpàdé ọmọ ìlú wa, tí a máa ń ṣe ní Makera lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde, ó ní ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìpoògùn sí i lókè òkun, ó sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa. Ó nawọ́ sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀rù ò bà mí. Ọmọ wa wà níbẹ̀."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá màá mọ ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo di ìdì lọ́jọ́ kejì, ti Fúnmiláyọ̀ ló bọ́ sókè pátápátá, torí òun ló kọ́kọ́ wọlé nínú ogún náà. Mo yọ ọ́, mo tì í bọ àárín. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo tún tì í sí ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó dà bíi pé gbogbo ọ́fíìsì ló ń wò mí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí ejò kò tilẹ̀ tíì bù jẹ ni mò ń sá tó báyìí. Mo sọ fún ara mi pé yóò bá ìdì tó kàn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mò ń kánjú nítorí ará ilé. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kò pẹ́ ni ibà dá mi dúbúlẹ̀, ẹlòmíràn ló sì di ìdì ìkẹyìn. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò rántí rẹ̀ mọ́, tàbí kí n sọ òótọ́: n kò fẹ́ rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ń sọ yìí, Alhaji ti lọ sí mọ́sálásí, kò sì ní padà sí ọ́fíìsì. Orúkọ àwọn tí wọ́n mú ti wà létò, dírẹ́bà yóò gbé e lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ni a ti ń sun ìwé tí a kò lò mọ́. N kò ní purọ́, mo wo ibẹ̀. Tí mo bá ju fáìlì náà síná, ohun tí wọn yóò sọ ni pé ọmọ náà kò mókè. Mo gbé e dìde, mo sì rí fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú irun tó fara balẹ̀ dì nítorí wa. N kò lè sun ún. Mo fi í há abíyá, mo wọ takisí lọ sí ilé Alhaji ní Malali.

Mẹ́gáàdì Alhaji kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ó ní "Sai gobe," pé kí n padà wá lọ́la. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ ní Hausa títí Alhaji fúnra rẹ̀ fi gbóhùn wa, tó sì jáde. Ìdúró ni mo ti rò ó fún un, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó bi mí pé, "Bàbá rẹ̀ fún ọ ní nǹkan?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa rò pé ó fún mi."

Ó ka fáìlì náà látòkè délẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ó ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ gbé ti ènìyàn rẹ̀ sókè. Ìwọ gbé ti ènìyàn tìrẹ pamọ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló wo ohun tí ọmọ kọ sínú ìwé?"

Ó ní kí n wà ní ọ́fíìsì láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì láti tún ìwé orúkọ náà tẹ̀ ní táípù. Ohun tó wà nínú fáìlì ọmọ náà ló torí rẹ̀ mú un, kì í ṣe torí tèmi. Ní ọjọ́ Ajé, ìwé ìbáwí wà lórí tábìlì mi. Ìdí tí kò fi lé mi, n kò mọ̀ títí dòní.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Fúnmiláyọ̀ ní kí n dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ìlú, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Mo fẹ́ sọ òótọ́ ohun tí mo ṣe fún wọn, ṣùgbọ́n "Àmín" ni mo ṣe, mo sì jókòó.

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo akọ̀wé tí mo kọ́ ni mo sọ fún pé ọjọ́ tí òǹtẹ̀ bá sọ ni kí fáìlì bá lọ, ì báà jẹ́ ti ọmọ mi. Bàbá Fúnmiláyọ̀ ti kú. Títí tó fi kú, tó bá pàdé mi lọ́nà, bàbá arúgbó yẹn á ṣí fìlà fún èmi tí mo tó ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì ṣí i ni ẹ̀rù ọjọ́ Jímọ̀ yẹn máa ń bà mí lákọ̀tun.