Bàrákàt Tí Ó Ń Kúnlẹ̀ Lórí Síkì

Òtítọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ìwọ̀nba eyín tí ó kù lẹ́nu mi dà sínú tíì mi lówùúrọ̀ ọ̀la. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé mi máa ń sọ pé tí Bàbá Làtíìfù bá rí ológbò lójú títì, ẹkùn ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìṣojú mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe, ní Peckham níbí, inú sì ń bí mi títí di òní.

Bàrákàt ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Kúbúrá ni, Kúbúrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Bàrákàt ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ó ń ṣe. Yóò lọ láti ilé dé ilé, yóò wẹ̀ fún wọn, yóò fún wọn lóògùn, yóò tún jókòó gbọ́ ìtàn tí wọ́n ti sọ fún un lánàá. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà ni ó kó bá a, ìyá kan ará Norway tí ó ń gbé ní Stockwell. Ìyá yìí ní síkì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ síkì, pátákó méjì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, imú rẹ̀ tẹ̀ sókè bí imú bàtà àwọn àlùfáà àtijọ́. Wọn á dè é mọ́ bàtà, wọn á fi ọ̀pá méjì ti ara wọn síwájú lórí yìnyín. Ọ̀kan wà tí àwọn olówó fi ń já láti orí òkè bọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń dá ara wọn lẹ́sẹ̀. Ti Bàrákàt kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀ ni èyí tí gìgísẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ pátákó, tí èèyàn fi ń rìn bí ẹni tí ó ń lọ sóko: á gòkè, á sọ̀, á gba inú igbó kọjá níbi tí ẹnikẹ́ni kò la ọ̀nà sí.

Lọ́dún tí yìnyín bọ́ gidi, tí ó jìn dé ìbàdí mi, ìyá náà gbé síkì fún un. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lójú fèrèsé, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ júwe bí yóò ṣe gbẹ́sẹ̀. Bàrákàt ṣubú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó délé pẹ̀lú egbò nígbọ̀nwọ́, ó sọ fún èmi aládùúgbò tí ó ń pè ní Daddy pé, "Daddy, mo ti rí nǹkan tí mo fẹ́ràn láyé mi."

Mo rò pé ọkọ ni.

Láti ìgbà náà ni etí wa kò ti sinmi. Bí ẹ bá bi í léèrè ibi tí síkì ti dùn, á ní orí òkè Telegraph Hill lápá New Cross, kí àwọn ajá tó tẹ yìnyín ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n á ní Scotland ni ilé ọ̀rọ̀. Ó ti lọ rí, fún ọjọ́ kan péré. Ó ní àfonífojì kan wà láàrin àwọn igi ńláńlá tí èèyàn kì í gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀ ju èémí ara rẹ̀ lọ, àti pátákó tí ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Ó ní ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí èèyàn má kánjú. Kí ó má wọ aṣọ òwú, nítorí òógùn á di omi tútù sí i lára. Kí ó rọ tíì alátalẹ̀ sínú fláàsì, kí ó wá ẹ̀yìn àpáta tí afẹ́fẹ́ kò dé, kí ó tó mu ún. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, ó gún síkì rẹ̀ méjèèjì sínú yìnyín níwájú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó sì kírun. Mo bi í pé ta ni ì bá kọjá níbẹ̀. Ó ní, "Àgbọ̀nrín, Daddy. Ó dúró, ó ń wò mí títí mo fi ṣe sàláámà."

Wàyí o, òjò ni ó ń rọ̀ ní Peckham, kì í ṣe yìnyín. Àwọn onísíkì London ní ẹgbẹ́ kan. Síkì kúkurú tí ó ní táyà lábẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀nà ọlọ́dà inú Burgess Park, lẹ́yìn àwọn ilé Aylesbury. Fiona ni olùkọ́ wọn, òyìnbó Scotland kan tí ojú rẹ̀ le bí ẹ̀kọ àná. Ní oṣù kejì ọdún, Fiona fẹ́ kó wọn lọ sí ilé onípákó kan láàrin àwọn òkè, kí wọ́n máa fi síkì rìn láti ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù. Ó sọ fún Bàrákàt pé bí ó bá fẹ́ àyè náà, kí ó yí adágún Burgess Park po lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sunday, láì ṣubú, láì dúró. "Tí o bá ń dúró káàkiri lórí òkè nínú ìjì," ó ní, "òtútù ni yóò pa gbogbo wa."

Kò le, àbí? Ẹ gbọ́ ohun tí ó le.

Dókítà ti sọ fún gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí ó wà láti Peckham dé Walworth pé kí wọ́n máa rìn, nítorí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Etí adágún yẹn ni gbogbo wọn sì ń rìn. Níbi tí àwọn kan bá ti jáde ní mọ́sálásí, tí àwọn kan jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni wọn á ti pàdé. Bàrákàt kò lè rin ìwọ̀n títì kan láìjẹ́ pé ó rí ẹni tí ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ kí.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni Alhaja Rahmah. Bàrákàt kọjá lára wọn nígbà kan lórí táyà, ó kàn tẹrí ba, ó ní "Ẹ kú ìrìn mà." Kí ó tó tú síkì lẹ́sẹ̀, Alhaja ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

"Kúbúrá, ọmọ rẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé òpó iná ni mí."

Kúbúrá kò pariwo. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà sì ṣí ilẹ̀kùn mi díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

"Bàrákàt, ta ni yóò bá ọ mú ọmọ nígbà tí o bá lọ sí Scotland?"

"Ẹ̀yin ni, Mummy. Ẹ ti gbà."

"Mo gbà. Tí ẹnikẹ́ni bá tún pè mí pé o kò kúnlẹ̀ kí òun, gbé ọmọ rẹ dání lọ sórí òkè. Èmi kọ́ ni wọn á máa bú pé mi ò kọ́mọ."

"Mummy, if I stop, I'm out. Fiona ò ní mú mi."

"Ṣé Fiona ni ó bí ọ?"

Ẹ rí i bí wọ́n ṣe há ọmọ ọlọ́mọ mọ́ àárín. Bí ó bá dúró kúnlẹ̀, Fiona kò mú un. Bí kò bá kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ kò mú ọmọ. Inú bí mi débi pé mo gbé ṣòkòtò wọ̀ lódì lọ bá Alhaja nílé.

Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa kí yín lókèèrè."

Wọ́n ní, "Bàbá Làtíìfù, ṣé ajá ni mí tí wọn á máa ké sí lókèèrè?"

Mo ní kí wọ́n má rìn lọ́jọ́ Sunday nìkan. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ṣúgà pa àwọn ni. Mo mi orí, mo kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Saturday, Bàrákàt gbìyànjú. Ó rí Alhaja níwájú, ó dúró, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bí ó ti yẹ. Táyà kò mọ àṣà. Bí orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ni síkì sá lọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nínú koríko etí omi láàrin àwọn pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n lé e jáde pẹ̀lú ìbínú. Alhaja ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi, o ò ní ṣubú láyé," wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.

Bàrákàt jókòó sórí àga ìjókòó, omi ń kán lára hìjáàbù rẹ̀. "Daddy, ó ti sú mi. Mo ń gbé arúgbó sókè láti Monday dé Friday. Ọjọ́ mélòó kan péré ni mo bèèrè tí ẹnikẹ́ni ò ní nílò mi."

Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò ó léjìká.

Sunday dé. Fiona dúró ní ìkángun adágún, ó ká apá mọ́ àyà. Kúbúrá náà dé, ó di ọmọ Bàrákàt lọ́wọ́ mú. Mo ra gúgúrú olóyin, mo mú Alhaja jókòó, mo ń sọ ìtàn fún wọn kí wọ́n má dìde. Mo ti dé ibi tí ọ̀nì gbé mi ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n rí Bàrákàt lókèèrè. Wọ́n gbọn gúgúrú kúrò lórí aṣọ, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà.

Bàrákàt ń bọ̀. Mo rí i pé ó wo Alhaja, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Fiona. Kò dẹ ìrìn. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, gìgísẹ̀ ọ̀tún gbéra kúrò lórí síkì rẹ̀, orúnkún ọ̀tún sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́ kan ọ̀dà, táyà sì ń yí lọ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ó dìde, ó ti kọjá.

Alhaja dúró. "Orúnkún kan ni."

Kúbúrá ní, "Alhaja, ó kúnlẹ̀ àbí kò kúnlẹ̀?"

"Ìdajì. Ọkùnrin ni ó ń forúnkún kan kúnlẹ̀ fún obìnrin nínú fíìmù òyìnbó. Èmi kọ́ ni yóò fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní ìdajì ni. Mo sì máa pè ọ́ nígbà tí mo bá délé, kí ó lè jẹ́ lórí fóònù bí ó ṣe yẹ."

Gúgúrú há mi lọ́fun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bú àgbàlagbà láìjẹ̀bi nígbà tí Bàrákàt tún yọ ní ìyípo kejì. Ó ti gbọ́, nítorí ohùn Alhaja máa ń dé òdìkejì adágún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó nà síwájú lọ́tẹ̀ yìí. Orúnkún òsì sọ̀ kalẹ̀. "Èkejì rè é mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Kúbúrá wo Alhaja. Alhaja wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ó ń ṣírò. "Ó pé," ni wọ́n sọ, ó sì dùn wọ́n.

Fiona ní òun kò mọ irú eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Bàrákàt kò dúró, kò sì ṣubú. Ó ní lórí yìnyín jíjìn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń yí síkì padà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí Bàrákàt rọra máa kọ́ ọ sí i.

Ó kọ́ ọ. Ìyẹn gan-an ni ìyọnu, nítorí gbogbo àgbàlagbà Peckham ni ó ń wá gba ìkíni orí táyà báyìí, tí ojú ọ̀nà adágún kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ tí ó ń lọ sí Scotland, Alhaja fúnra wọn wá síbi ọkọ̀. Wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó kí òkè fún àwọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ọkọ̀ fi ṣí.

Ó dáa. Wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ fún un lóòótọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu.