Nọ́ńbà Tí Ìyá Yàrá Kọ Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí fi ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún, débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Yàrá ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ni olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Bí ó bá fọwọ́ pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní ó máa ń mọ̀ bóyá ẹni tó tẹ́ ẹ bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, hòtẹ́ẹ̀lì náà tilẹ̀kùn fún oṣù mẹ́rìnlá. Àárín oṣù mẹ́rìnlá yẹn ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Yàrá obìnrin kú. Ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé ọsibítù ló ti rí i kẹ́yìn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló sin ín, aṣọ rọ́bà bò wọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò máa wọ̀lú padà, tí wọ́n sì kó òfin rẹpẹtẹ lé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, àwọn mìíràn ń kùn, ṣùgbọ́n Ìyá Yàrá ò kùn. Bí àlejò bá jáde, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí yàrá sinmi fún odindi ọjọ́ kan kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Kí gbogbo ènìyàn bo imú. Kí wọ́n máa wọn ooru ara òṣìṣẹ́ láràárọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó padà sílé, kí wọ́n sì tọ́jú àyè rẹ̀ dè é.

Nígbà tí Máníjà ń ka àwọn òfin náà fún àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló sáré kà, bí ẹni ń fo kòtò. Ó pa ìwé dé.

"Ẹ gbọ́ o. Ọgọ́ta òṣìṣẹ́ la jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la pè padà. Àwọn tó kù wà níta, tí wọ́n ń retí kí fóònù wọn dún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàìsàn, kó máa ṣe é lọ."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ó dé inú wọn, ó di odindi.

Ìyá Yàrá ló gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru fún, èyí tó rí bí ìbọn kékeré. "Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán, Ìyá Yàrá." Láràárọ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, yóò na ẹ̀rọ náà sí iwájú orí kálukú, yóò kọ nọ́ńbà tó bá rí sínú ìwé, yóò sì fọwọ́ sí i. Olùtọ́jú ọgbà máa ń nawọ́ méjèèjì sókè: "Ẹ má yìn ín o, ọmọ mẹ́rin ni mo bí!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín pọ̀ gbẹ̀yìn, ó ti pẹ́.

Lára àwọn àlejò àkọ́kọ́ ni tọkọtaya arúgbó kan tó ti ń wá lọ́dọọdún láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Olùkọ́ ni ọkọ kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Olùkọ́ sì ni wọ́n ń pè é. Yàrá keje ni tiwọn, torí pé ó kọjú sí omi. Àwọn méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. "Ìyàwó mi ní mo rẹwà ju tẹ́lẹ̀ lọ," ni Bàbá wí láti inú ìbòmú rẹ̀, "báyìí tí ìdajì ojú mi ti bò."

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni alágbàfọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Funfun Báláú ni ìnagijẹ ọkùnrin yìí, nítorí pé kò sí àbàwọ́n tó lè bá a fà á. Ó ti bá Ìyá Yàrá ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá. Ìyá Yàrá na ẹ̀rọ sí i. Ó fi méjìdínlógójì lé díẹ̀ hàn.

"Ooru ni, Màmá," ni Funfun Báláú wí. "Mo sáré wá láti ilé kí n má baà pẹ́."

"Jókòó sábẹ́ igi yẹn ná."

Ó jókòó. Ó fi omi tútù bójú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìyá Yàrá tún wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà náà ò yẹ̀.

"Máa lọ sílé, àbúrò mi."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí Máníjà wí. Bí mo bá jáde ní géètì yìí lónìí, ẹlòmíràn á wọlé lọ́la. Ìyàwó mi bímọ, kò tíì pé oṣù méjì. Ẹ ṣàánú mi. Mi ò wúkọ́. Ẹ kọ mẹ́rìndínlógójì. Bí kò bá lọ sílẹ̀ títí di ọ̀la, èmi fúnra mi á lọ."

Ìyá Yàrá mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ọ̀rùn ọkùnrin náà, ó rí i bó ti rù, ó sì rántí bí ebi ṣe fojú àwọn méjèèjì rí màbo ní oṣù mẹ́rìnlá. Ó kọ mẹ́rìndínlógójì. Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Funfun Báláú gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá keje. Bàbá Olùkọ́ fẹ́ mọ bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe. Etí Bàbá ti ń wúwo, kò gbọ́ èsì. Alágbàfọ̀ náà fa ìbòmú sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn máa fi parí, Funfun Báláú ti wà ní ọsibítù, lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń bá a mí. Mẹ́ta nínú àwọn tó ń tún yàrá ṣe dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé Bàbá Olùkọ́ lọ sí ọsibítù ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ ajé, ó kú. Wọ́n sé ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú yàrá keje, kò sì rí òkú ọkọ rẹ̀. Àyẹ̀wò Ìyá Yàrá fi hàn pé kò ní àrùn náà. Òun ló ń gbé oúnjẹ lọ síwájú ilẹ̀kùn ìyá náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá wádìí. Máníjà pe Ìyá Yàrá sí ọ́fíìsì. "Ìwé yín mọ́ tónítóní. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbóná. Àwọn àlejò ló gbé e wá. Ohun tí a ó sọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa já wa nírọ́."

Ìyá Yàrá jáde. Ó lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán. Bó ṣe ń gbé àwo sílẹ̀, ó gbọ́ ohùn ìyá náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá Yàrá, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Máníjà ní àwa la kó o wá. Ṣé òótọ́ ni? Ọkọ mi ò fẹ́ wá lọ́dún yìí. Èmi ni mo ní ká wá. Èmi ni mo rọ̀ ọ́."

 Ìyá Yàrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó lè dákẹ́. Ó lè ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá," ló wí. Ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀rọ, nọ́ńbà, ìwé, ọwọ́ tó fi sí i.

 Ìyàwó Bàbá Olùkọ́ wí láti inú yàrá pé, "O ṣé tí o sọ ọ́. Má gbé oúnjẹ wá fún mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìyá Yàrá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọjọ́ kejì, lójú Máníjà. Wọ́n ti hòtẹ́ẹ̀lì pa. Ìròyìn ò dúró létí adágún: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àlejò tó ti gba yàrá ní ìlú náà fagi lé e, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Olùtọ́jú ọgbà rí Ìyá Yàrá lójú pópó, ó sọdá sí òdìkejì. Obìnrin kan tó ti bá a tún yàrá ṣe rí kígbe láti ojú fèrèsé: "Ẹ kọ́kọ́ purọ́, lẹ́yìn náà ẹ wá jẹ́wọ́! Ẹ ò ṣe yan ọ̀kan, kí àwa lè jẹun?" 

Ó di oṣù kẹrin kí wọ́n tó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì náà padà. Máníjà tuntun ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì láti ìta ló ń wọn ara òṣìṣẹ́ báyìí, kálukú sì ní lẹ́tà lọ́wọ́ pé àìsàn kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò pe Ìyá Yàrá padà. Ó ń fọ ilẹ̀ ní ilé ìwé kan lẹ́yìn ìlú.

Funfun Báláú yè é, ṣùgbọ́n kò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá Yàrá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún un, ó gbé ọmọ, ó bọ́ sí ìta.

"Èmi ni mo bẹ̀ yín, Màmá," ni ọkùnrin náà wí.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

 Nígbà tí Ìyá Yàrá dìde, ó ká aṣọ ọmọ tó wà lórí okùn níta, tí òjò ti fẹ́ máa pa, ó kó o wọlé fún wọn, ó sì lọ.