Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Kí Wa Lọ́kọ̀ọ̀kan Nínú Gúrúpù

Mo rántí ìgbà tí fóònù mi kì í dún àfi tí mo bá gun orí òkúta. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Dassa, òkè tí àwọn baba wa bá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àpáta ńláńlá, ọ̀kan nínú wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Ibẹ̀ nìkan ni rẹ́sóò tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọ inú fóònù ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́sàn-án, òkúta náà a máa gbóná débi pé mo ní láti ká ìró mi ní ìlọ́po mẹ́rin kí n tó lè jókòó lé e. Aránṣọ ni mí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mo ti lé lógójì ọdún, mo sì ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n mo lè ka Faransé, mo sì gbà pé ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ lò, kò sí ohun tí kò lè tẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kútọnu ló fi fóònù rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ojú fóònù náà ti sán níhà kan, ṣùgbọ́n mo rán àpò aláràbarà fún un, mo so ó mọ́ ọrùn, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ kí gbogbo ìjọ lè rí i.

Gúrúpù àwọn aránṣọ ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Àbúrò mi ti ṣàlàyé fún mi pé ó dà bí yàrá kan tí gbogbo wa jókòó sí: bí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀, lójú ẹsẹ̀ ni àwọn yòókù á gbọ́, tí wọ́n á sì fèsì, ẹni tó wà ní Pàràkú àti ẹni tó wà ní Kútọnu. Bí ó bá jẹ́ yàrá, mo mọ bí a ṣe ń wọ yàrá. Ní ilé wa, ẹni tó bá dé àárín àwọn èèyàn kì í kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó wá jókòó bí ẹni tí ebi ń pa. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa kí wọn, á béèrè ọkọ, á béèrè ọmọ, á béèrè oko. Mo wá orúkọ gbogbo wọn kàn níbi tí wọ́n tò ó sí, wọ́n lé lógójì, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ káàsán, màdáàmù, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé máṣíìnì ò dà yín láàmú? Mo parí ti ẹnì kan, mo bọ́ sí ti ẹnì kejì. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ, tí ìkíni mi sì ń bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kọkàndínlógún, gúrúpù náà pòórá mọ́ mi lójú. Mo rò pé rẹ́sóò ló lọ, mo sì tún gòkè sí i, mo na fóònù sókè títí apá fi ń ro mí.

Àbúrò mi ló pè mí lọ́jọ́ kejì pé wọ́n ti lé mi jáde. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ gúrúpù náà rò pé ẹ̀rọ kan ló ń dá kọ̀wé, pé èèyàn gidi kò lè máa béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Inú bí mi gan-an. Èmi ọmọ èèyàn tí mò ń béèrè àlàáfíà wọn! Àbúrò mi bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà mí padà, mo sì fi ojú tó rẹlẹ̀ kọ́ ìṣe wọn. Mo kọ́ pé ìkíni kan tó fún gbogbo èèyàn, pé kí n ka ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó dá sí i, pé tí mo bá fẹ́ fèsì fún ẹnì kan, kí n fi ìka di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú kó lè mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, èmi ni wọ́n ń pè tí apá aṣọ bá dà wọ́n rú. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò bá ra fóònù tuntun, kí ó tó délé ni mo ti dúró dè é pé kí ó mú un wá kí n kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ló dá gúrúpù ti ẹbí wa sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló kàwé jù nínú wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kútọnu. Ó kó gbogbo wa sínú rẹ̀: àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà ní Àbíjàn, àti àwa ará ilé ní Dassa, Kèrè àti Tré. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Àdúrà òwúrọ̀, àwòrán ọmọ tuntun, ẹ kú ìmọ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọ̀rọ̀ òkè kalẹ̀. Àwọn kan tó ń fọ́ òkúta fún iṣẹ́ títì fẹ́ gba òkè ẹ̀yìn ilé wa, gbogbo rẹ̀ pátá, wọn yóò sì fọ́ ọ títí yóò fi tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, òkúta kò so èso, ilé bàbá wa sì ń jò. Ó ní kí gbogbo wa péjọ sínú gúrúpù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí kálukú sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Tó bá di aago márùn-ún, òun á ti mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn, nítorí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹni tí òkè náà kàn jù kò sí nínú gúrúpù. Ìyá Àgbà ni mò ń sọ, ẹ̀gbọ́n àwọn bàbá wa obìnrin, àwọn ló dàgbà jù tó ṣẹ́kù nínú ilé. Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin iṣu, ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ sì máa ń parí sí lọ́dọ̀ wa. Wọn kò ní fóònù, wọn kò mọ̀wé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí wọn, títí kan èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n ní, “Ó dáa. Kí wọ́n wá, a ó jọ sọ ọ́.” Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé ọkọ̀ ni gbogbo wa máa wọ̀ wá jókòó síwájú wọn. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo rò pé tí a bá parí ìpàdé, màá lọ ròyìn fún wọn.

Ní aago mẹ́rin, mo ti wà lórí òkúta. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Faransé, ó gùn, ó sì wọni létí. Àwọn ọmọ Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé àwọn gbà: “Dàkọ́ọ̀”, “Dàkọ́ọ̀”, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àwọn ará Àbíjàn méjì náà ní dàkọ́ọ̀. Àwa ará ilé ńkọ́? Kò sí ohùn. Mo rí i pé ará Kèrè wà níbẹ̀, ará Tré wà níbẹ̀, wọ́n ń kà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Ó yé mi, nítorí èmi náà ò kọ nǹkan. Ní ilé wa, a kì í la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ẹni tó dàgbà jù tó là á. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Bí kálukú wa ṣe káwọ́ gbera nìyẹn, tí a ń dúró de àgbà. Mo wo fóònù náà bí ẹni pé Ìyá Àgbà fẹ́ ti inú rẹ̀ jáde.

Nígbà tí aago mẹ́rin ààbọ̀ lù, Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé òun ti rí i pé ará ilé kò ní àtakò, pé ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A fẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí pàdánù òkè baba wa.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń yí iṣu tí wọ́n gé sá sórí àpáta padà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tẹ̀ lé mi, àwọn ọmọ ti dé. Mo dì wọ́n mú ní apá, a ń gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, orúnkún wọn ń ké, èmi ń wo aago. Nígbà tí a dé orí òkúta, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Mo nawọ́ fóònù sí wọn, mo sì ṣàlàyé pé inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà, pé tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ títí dé Àbíjàn.

“Àwọn wo ló wà níbẹ̀?”

Mo ka orúkọ wọn. Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà sọ pé rárá, àkókò ti lọ.

“Mi ò tíì kí wọn,” ni Ìyá Àgbà wí.

Mo tẹ ibi tí a fi ń gba ohùn. Ọmọ ẹbí wa tó wà ní Kèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó kú ìrọ̀lẹ́, ṣé àwọn ọmọ le, ṣé iṣu ta dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún un pé olúbi rẹ̀, èkejì tó tẹ̀ lé e jáde nínú ìyá rẹ̀, wà lábẹ́ àpáta tí ewúrẹ́ máa ń sùn sí, àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ẹlòmíràn, wọ́n ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Tìrẹ wà nídìí igi odán, níbi tí òkúta méjì ti kanra. Tìrẹ wà lókè díẹ̀, ọjọ́ tí a bí ọ, ìyá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ojú tì mí. Mo ti ṣe irú ìkíni yìí rí, mo sì mọ ibi tó já sí. Mo ń retí ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n máa lé àwa méjèèjì jáde. Ṣùgbọ́n èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kì í sì í ṣe ní Faransé mọ́. Kò sí ẹni tí a tọ́ dáadáa tí àgbà máa kí tí kò ní dáhùn. Ará Kèrè ní òun kò gbà kí wọ́n fọ́ òkè náà. Ará Tré ní òun náà kò gbà. Àwọn ọmọ Kútọnu tó ti ní dàkọ́ọ̀ wá ń dọ̀bálẹ̀ nínú ohùn.

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kí gbẹ̀yìn. “Tìrẹ wà nínú ihò òkè. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ kò gbà á, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Ṣé o ti jẹun?”

Aago márùn-ún kọjá. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n máa dáhùn, ohùn rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, èdè Ìdáàṣà tí a ń sọ nílé ló fi sọ ọ́, ó ní òun ti jẹun, kí Ìyá Àgbà má bínú, pé òun máa sọ fún àwọn olókùúta lọ́la pé ilé kò gbà. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Àbíjàn, tí kò tíì fojú kan Dassa rí, béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Tàntí, tèmi ńkọ́?” Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kò sí níbí, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà, ẹnì kankan kò tíì gbà á.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, kí ọkọ mi má sì gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà mú mi yí òkè náà ká, wọ́n fi ibi olúbi kọ̀ọ̀kan hàn mí, mo sì ń kọ ọ́ sínú gúrúpù lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sinmi. Èmi ni mò ń ṣọ́ gúrúpù náà báyìí. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé tí wọ́n mọ ẹ̀rọ jù mí lọ ń fi àṣìṣe mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Síbẹ̀, tí wọ́n bá bímọ, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó sì padà wálé. Ó bẹ̀ mí nínú gúrúpù, níṣojú gbogbo èèyàn, pé kí n mú òun lọ wo ibi olúbi òun. A jọ gòkè lọ sídìí ihò náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì wo àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí Ìyá Àgbà fi bo olúbi rẹ̀.

“Ibí yìí ni mo fẹ́ tà?”

Mo ní ibẹ̀ ni. Ó ń sunkún, ọkùnrin ló sì jẹ́, ó sì jù mí lọ. Mo yí ojú sí ọ̀nà tí a gbà wá títí ó fi dé fìlà rẹ̀ padà.