Orí Opó Iwájú Ilé

Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pe birikilà náà, torí simẹ́ńtì kì í kúrò nínú irun ojú rẹ̀, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá. Láti kékeré ló ti ń po yanrìn fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nínú ilé ọlọ́lá tó wà láàárín ìlú, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wù ú láyé: kó fọwọ́ ara rẹ̀ tún àjà gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀ ṣe kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ ọ́.

Ilé yẹn gan-an ò gbádùn. Oníyọ̀ kan tí ìlara ń dà láàmú ló kọ́ ọ, kó ṣáà lè ga ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àwọn ẹṣin ló ń gbé ìsàlẹ̀, òórùn wọn ló sì ń kí àlejò káàbọ̀. Àrólé kọ̀ọ̀kan ń fi yàrá tirẹ̀ lé e, ẹnì kan ò wó nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé balùwẹ̀ lèèyàn máa gbà kọjá kó tó dé yàrá ìkàwé. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ orí àwọn bàbá ńlá wọn síbẹ̀, imú kan náà, ìgbéraga kan náà. Obìnrin kan ò sí níbẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn ọkùnrin yẹn ló ń bí ara wọn.

Opó tó ni ilé náà báyìí, arúgbó ẹlẹ́nu mímú, ti sọ fún Lẹ́búlẹ́bú pé: "Tí iṣẹ́ iwájú ilé bá tẹ́ mi lọ́rùn, ìwọ lo máa ṣe àjà. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo mọ ibi tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí wà." Ló bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i lórí fóònù, kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀: "Ba mi se ori opo siwaju ile. Se e bo se ri gan-an."

Lẹ́búlẹ́bú kà á fún ìyàwó rẹ̀.

"Orí opó?" ni ìyàwó rẹ̀ fi pariwo. "Ṣé orí ara ẹ̀ ló fẹ́ gbé síta ni?"

"Òun ló nilé. Ó sì ní kí n ṣe é bó ṣe rí gan-an."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀: ẹran tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ imú, ètè tó ń yọ ṣùtì sí gbogbo ayé.

Nígbà tó ṣí aṣọ lórí ère náà níwájú opó, arúgbó náà fìka tọ́ka sí i.

"Kí nìyí?"

"Orí opó ni, mà."

"Òpó ni mo ní! Òpó! Èyí tó gbé òrùlé dúró! Orí ẹ̀ tí òjò wó lulẹ̀, ṣé o ò rí i ni?"

Lẹ́búlẹ́bú gbójú sókè wo òpó aláìlórí tó wà lẹ́yìn arúgbó náà. Àjà ti lọ nìyẹn, nítorí àmì ohùn kan péré.

Arúgbó náà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ọkùnrin orí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn onímú wọ̀nyí, èwo nínú wọn ló gun àkàbà rí nígbà tí òrùlé ń jò? Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ta ló gbé ilé yìí dúró?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Gbé e sórí òpó."

Omi lé ròrò sójú arúgbó náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́.

"Àjà ńkọ́, mà?"

"Bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n etí ẹ ni màá sọ ohun tí mo fẹ́ sí. Mi ò tún ní kọ nǹkan ránṣẹ́ sí ẹ mọ́ láyé mi."