Àbẹ́là Tíṣà Ambrose

Ẹni tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́mọdé lọ́dọ̀ Tíṣà Ambrose ní ìjọ wa ní Yábàá kò lè sọ pé òun ò mọ ọ̀run àpáàdì. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Tíṣà á tan àbẹ́là, wọ́n á ní ká máa na ìka sí i níkọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti fa ọwọ́ sẹ́yìn báyìí, wọ́n á ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn. Ayérayé ńkọ́?” Ẹkún ni mo sun délé lọ́dún tó kàn mí. Ìyá mi ní kò burú, ó kéré tán mi ò ní jalè.

Tíṣà kì í ṣe ìkà èèyàn o. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, ilé kan náà la jọ ń gbé, àwọn ló ń bá gbogbo ayálégbé kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ iná, wọn ò gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n jọ ń kọ́ wa, sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ò ní máa jó títí, pé iná náà á jó o run ni, á sì parí, Tíṣà ló fẹjọ́ rẹ̀ sun àlùfáà títí wọ́n fi gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Tíṣà àti ìyàwó wọn, Caroline, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Caroline, bí. Christopher lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Ìgànmú ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1974, ó ní òun ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, òun ò lè sin Ọlọ́run tó ń sun èèyàn bí ẹran. Tíṣà ní, “Bó o bá kú báyìí, wàá bá iná náà níbẹ̀.” Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù pa Christopher.

Màmá Caroline ò jẹun dáadáa mọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ọkọ wọn láràárọ̀: níbo ni Christopher wà? Ọkùnrin tó ti ń dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn fún ogún ọdún á kàn gbé báàgì, á gba ibi iṣẹ́ lọ. Àánú Tíṣà ń ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, inú wọn tún ń bí mi.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí Christopher ti kú, Tíṣà gbé ìtìjú tà, wọ́n lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé nílé rẹ̀ ní Múṣìn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwọn ẹsẹ Bíbélì tó fi ń sọ pé iná náà á parí han àwọn. Ọkùnrin náà ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó kọ ọ́ sínú bébà fún wọn. Mo ń bá Màmá ṣa ẹ̀wà nígbà tí Tíṣà dé, tí wọ́n kà á fún wọn pé ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní iná kankan ò ní máa jó Christopher títí. Á parí ni, bí ẹni tí wọn ò bí rí.

Màmá fọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. “Bí ẹni tí mi ò bí rí?”

“Kò ní máa jìyà, Caroline.”

“Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Bàbá Christopher, ọmọ mi ti kú, ẹ tún wá sọ ọ́ nù. Ẹ dá a padà sínú iná yín. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, mo lè máa bá a bẹ Ọlọ́run.”

Tíṣà ká bébà náà sápò. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí omijé lójú wọn.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde tún kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní kíláàsì. Wọ́n tan àbẹ́là bí ìṣe wọn, àwọn ọmọdé sì ti ń múra àtina ìka. Tíṣà ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn mú àbẹ́là náà dání, wọ́n ń wo iná rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo rọra ní kí wọ́n jẹ́ n bá wọn fẹ́ ẹ pa.

Wọ́n yára fọwọ́ kejì bò ó kí atẹ́gùn má baà dé ibẹ̀. Wọ́n ní, “Má pa á, jọ̀ọ́.”

Àbẹ́là tó ti yọ́ ń kán sí wọn lọ́wọ́, wọn ò sì gbé e sílẹ̀.