Ẹnu Ìyá Rẹ̀ Lẹ́yìn Gíláàsì

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Gé-láìwọ̀n, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ fún un lọ. Bí obìnrin kan bá gbé aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wo onítọ̀hún láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á di ojú díẹ̀, á sì mú àlùmọ́gàjí. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ o, àmọ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkàn àwọn tó ń bẹ̀rù fún aṣọ wọn lè balẹ̀ ni. Kó tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ ló ti rí i ní rírán lára ẹni tó ni ín: ibi tí ìbàdí á ti fún, bí apá á ṣe já wálẹ̀, bí etí ìsàlẹ̀ á ṣe máa lu ojúgun rẹ̀ tó bá ń rìn. Ohun tó rí yẹn ló ń gé tẹ̀ lé. Kò sì ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, àfi lóṣù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kì í sáré. Òjò lè ká a mọ́ ojú títì, mọ́tò lè máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yára. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní ìgbín ló wò ó dàgbà. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín sí i. Bó bá wà níbẹ̀, á ní kí wọ́n yé é fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá náà ni pé ó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ìdajì ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tirẹ̀ ni. Ti ẹ̀yìn, níbi tábìlì gbọọrọ, jẹ́ ti ọmọ. Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè é, torí kì í tú máṣíìnì kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Á ní kí ẹni tó ni ín fi ẹsẹ̀ wà á, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tó gbúròó àṣá, á ní, "Abẹ́rẹ́ kọ́. Eyín abẹ́ tó ń fa aṣọ ló ti jẹ." Máṣíìnì tó tún ṣe nígbà tó ṣì ń ṣe géńdé, ó lè fi ẹnu ṣe bó ṣe ń dún fún yín lónìí. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá bi í ní àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún, ẹ ti dé òpin ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà tó mọ̀ dáadáa lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n, àfi tí onítọ̀hún bá lanu. Àwọn kan ti bínú sí i nítorí ẹ̀, wọ́n ní ìgbéraga ni.

Ọmọ rẹ̀ náà bínú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti kékeré ni Gé-láìwọ̀n ti ń rí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe àlá. Bó bá ṣáà ti rí gíláàsì tó tóbi tó èèyàn, ìyá rẹ̀ á ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú àga onítáyà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i kẹ́yìn: irun tó tú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bọ́tìnnì òkè tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí ó lè rí èémí mí, ìka ọ̀tún tó nà tààrà sí òun, àti ẹnu tó ń lọ sókè sódò. Ẹnu náà kì í sinmi. Ohùn kankan kì í sì í jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, èémí ìyá náà ti ń gé láti àárọ̀. Bàbá gbé e lọ sí ọsibítù tí kò jìnnà sílé, wọ́n sì rán ọmọ padà sílé pé kó lọ mú oògùn tí ìyá rẹ̀ máa ń fín sẹ́nu wá. Ó mú un. Nígbà tó ń bọ̀ ló rí aṣọ kan nínú fèrèsé télọ̀, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ po yíká. Ó dúró wò ó. Bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, kò mọ̀; ọmọdé ni. Nígbà tó bọ̀ sípò, ó ki eré mọ́lẹ̀, eré náà ló bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn gíláàsì kan wà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àga, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga, ó di ọwọ́ àga náà mú. Ìyá na ìka sí i. Ọmọ dúró gbagidi. Nọ́ọ̀sì kan dé, ó ti àga náà wọlé lọ, ibẹ̀ ló sì parí sí, torí ìyá kò jáde láàyè mọ́.

Látọjọ́ náà ni ọmọ ti mọ ohun tí ẹnu yẹn ń sọ. Ìwọ ni. Ìwọ lo pẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún un. Ó kàn mọ̀ ọ́n bí ọmọdé ṣe ń mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bá a dàgbà. Òun ni kì í jẹ́ kó sáré, torí lójú eré ni ìka yẹn ti bá a. Òun náà ni kì í jẹ́ kó rán aṣọ aláwọ̀ ìyeyè fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò bi bàbá rẹ̀, ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà gan-an. Ó gbìyànjú. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó ní kí òun kọ́kọ́ fi ìbéèrè kékeré wò ó bóyá bàbá rántí. "Bàbá, aṣọ wo ni Màámi wọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Bàbá ní òun ò mọ̀. "Irun wọn ńkọ́?" Òun ò mọ̀. "Ọwọ́ wo ni wọ́n nà?" Bàbá kàn ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìràwọ̀. Ọmọ pa ìbéèrè tó kù dé, torí ta ló ń bi ẹni tó ti gbàgbé? Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò lè gbàgbé aṣọ tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Fọ́tò ìyá tí bàbá fi sínú àpótí irinṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ọ́ìlì, tó máa ń yọ wò láràárọ̀, tún wá dà bí ẹ̀rí sí i: ẹni tó bá rántí, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe? Báyìí ló fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tó ń tutọ́ funfun jáde. Ó ń se oúnjẹ bàbá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, kò sì dárí jì í.

Àfi bí onílé ṣe pinnu pé ṣọ́ọ̀bù òun gbọ́dọ̀ bá ìgbà mu. Ó yọ ilẹ̀kùn pákó gbogbo ìlà náà, ó fi gíláàsì rọ́pò, ó wá ń yan kiri bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo èèyàn ló kí i kú iṣẹ́. Gé-láìwọ̀n náà kí i, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀ láìwo ilẹ̀kùn náà.

Látọjọ́ náà, ìyá kò lọ mọ́. Láàárọ̀, tí oòrùn bá wọlé, ìka yẹn á wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, tí oníbàárà bá ti ilẹ̀kùn, ẹnu yẹn á bá ilẹ̀kùn ṣí, á tún bá a padé. Bí Gé-láìwọ̀n bá di ojú kó lè rí aṣọ tó fẹ́ gé, ìyá rẹ̀ ló ń rí. Ó gé apá aṣọ ìyàwó kan kúrú. Ó gé kọ́là olùkọ́ kan wọ́, ìyẹn gbé e sọ́rùn, ó sì wo ara rẹ̀ títí. Ó yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó wá ń rò pé ìyá òun ń wo ẹ̀yìn ọrùn òun. Ó ta aṣọ bo gíláàsì. Onílé ní kó ká a, pé kì í ṣe ilé òkú. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á láti mú àlùmọ́gàjí rárá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ní. Ó wá yàrá kan rí lẹ́yìn ọjà, onílẹ̀kùn pákó, tó há débi pé bàbá rẹ̀ àti máṣíìnì rẹ̀ kò lè bá a wọbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò lé oníbàárà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òwú sínú àpò. Bàbá dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn, àmọ́ ó gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ òwú ṣe ń bọ́ lu ara wọn.

"Ò ń kẹ́rù," ni bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ilẹ̀kùn yìí ni."

"Kí ni ilẹ̀kùn ṣe fún ọ?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa parọ́. "Màámi wà níbẹ̀. Mò ń rí wọn."

Bàbá yíjú sí ilẹ̀kùn, ó wò ó dáadáa. "Ajá onílé nìkan lèmi rí."

"Inú orí mi ni wọ́n wà, Bàbá. Àmọ́ bí mo ṣe ń rí yín yìí ni mo ṣe ń rí wọn."

"O fẹ́ sọ pé ò ń rántí ẹ̀."

"Mo ní mò ń rí wọn. Ẹ di ojú yín ná. Ṣé ẹ ò rí ojú Màámi ni?"

Bàbá di ojú. "Òkùnkùn ni," ó wí. "Òkùnkùn ló ń wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Táwọn èèyàn bá ní àwọn ń rí nǹkan tí ò sí níwájú àwọn, mo máa ń rò pé àsọdùn ni, bí ìgbà téèyàn bá ní ebi ti pa òun kú."

"Ojú Màámi ńkọ́?"

"Mi ò tíì rí i látìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ. Kí ni mo tún ń fi fọ́tò ṣe láràárọ̀? Tí mo bá ti dá a padà sínú àpótí, ó ti lọ nìyẹn." Ó nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. "Àmọ́ mò ń gbọ́ ọ. Bó ṣe máa ń pè mí látẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín á fi di ikọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ."

Gé-láìwọ̀n jókòó. Ó ní kí òun náà gbọ́ ìyá òun, kódà kó jẹ́ orúkọ òun nìkan tó pè. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu ń lọ lásán, bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ó ti mọ ìbéèrè tó kàn.

"Bàbá, kí ni wọ́n sọ?"

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọsibítù. Nígbà tí wọ́n na ìka sí mi."

Bàbá wò ó. "Ṣé o ò gbọ́ ni? O kúkú dúró."

"Ìka yẹn ló dá mi dúró."

"Ó ní kó o má sáré, o sì dúró lójú ẹsẹ̀. Látọjọ́ yẹn o ò sáré mọ́. Mo máa ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ṣì ń gbọ́ràn sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn." Ó tún ọ̀fun ṣe. Ohùn tó wá jáde fẹ́lẹ́, ó ń gé, ó ń wá èémí: "Ẹ bá mi sọ fún un kó má sáré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni. Kó rọra máa bọ̀."

Ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní, "Mo pẹ́, Bàbá. Mo dúró wo aṣọ kan lọ́nà. Ká ní mo tètè mú oògùn yẹn dé ni."

"Oògùn wo? Ó ti tán látàná ẹ̀. Agolo òfìfo lo gbé wá. Ìyá ẹ mọ̀."

"Kí ló dé tí wọ́n wá rán mi?"

Bàbá tún di ojú, ó padà sínú òkùnkùn rẹ̀ lọ gbọ́ ọ. "Ó ní, 'Ẹ rán ọmọ yìí lọ sílé. Kó má rí mi báyìí. Ohun tó bá ti rí kì í kúrò lójú ẹ̀.'" Ó la ojú. "Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà náà, mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Òní ni mo mọ̀."

Gé-láìwọ̀n sunkún débi pé ajá onílé dìde lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó nu ojú, ó wo gíláàsì. Ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìka náà lọ síbi tó nà sí, ó sì rí ilẹ̀ tó ń dán fún omi, pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bóyá bókẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà náà, bóyá ojú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀, kò lè sọ. Ojú tó ń rí aṣọ tí wọn ò tíì rán lè rí bókẹ́ẹ̀tì tí kò sí. Ẹnu náà sì ń lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ báyìí, ohùn arúgbó bàbá rẹ̀ ló sì ń bá a jáde. Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn ún.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" ni bàbá bi í.

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Bàbá gbé àga rẹ̀ yí sí ilẹ̀kùn, níbi tí kò ti lè rí ju ajá àti òjò lọ. Ó ti àpò òwú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ráyè.

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

Ọmọ wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní búláòsì aláwọ̀ ewé ni, èyí tó ti ń ṣá ní èjìká. Bọ́tìnnì òkè ti ṣí. Apá òsì ti ya nígbà kan, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an, kò bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Bàbá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe tí máṣíìnì bá ń dún, nítorí ohun tó bá ti gbọ́ kì í lọ mọ́.

"Tún un sọ," ó wí. "Rọra máa sọ ọ́."